Bí Ara Ṣe Wà Ni Awọ Ṣe Ń Fà

Awọ ojúgun obìnrin tó jókòó ti ọjà rẹ̀ ní Ìkàrẹ́ Àkókó láti àárọ̀ kì í rí bákan náà nígbà tó bá fi máa di ìrọ̀lẹ́. Láàárọ̀, bó bá fi àtàǹpàkò tẹ ibẹ̀, awọ á rọ̀, á sì padà sípò lójú ẹsẹ̀. Nírọ̀lẹ́, awọ kan náà á ti le, á máa dán, ojú ibi tí àtàǹpàkò tẹ̀ á sì jìn sínú fún ìgbà díẹ̀ kó tó kún padà. Bó bá délé, tó dùbúlẹ̀, tó gbé ẹsẹ̀ lé ìrọ̀rí, ilẹ̀ kì í mọ́ tán kí awọ náà tó dẹ̀. Ọjọ́ orí rẹ̀ kò yí padà láàrin àárọ̀ sí alẹ́. Oúnjẹ tó jẹ kọ́ ló fà á. Ohun tó yí padà ni bí ara rẹ̀ ṣe wà: ó jókòó, ó fi ẹsẹ̀ kọ́ sílẹ̀, lẹ́yìn náà ó dùbúlẹ̀.

A máa ń sọ̀rọ̀ awọ bí ẹni pé ìwà kan ṣoṣo ló ní. A ní awọ ọmọdé rọ̀, awọ àgbà ti hun jọ, awọ lágbájá le. Òótọ́ wà níbẹ̀, àmọ́ ọ̀rọ̀ kù lẹ́yìn rẹ̀. Bí awọ ṣe le tó, bó ṣe ń fà tó, àti bó ṣe ń yára padà sípò tó, gbogbo rẹ̀ ló ń yí bí a bá ti dìde, tí a jókòó, tí a tẹ apá tàbí tí a dùbúlẹ̀. Nítorí náà, ẹni tó bá fẹ́ yẹ awọ wò, tó fẹ́ gé e, tó fẹ́ rán an, tàbí tó ń tọ́jú aláìsàn tí kò lè dìde, ohun tó yẹ kó kọ́kọ́ wò ni bí ara ṣe wà. Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ti inú ìwé nìkan. Ó kan ọmọ tó ń yàgbẹ́ gbuuru, ó kan ẹni tí ọkọ̀ dá lẹ́sẹ̀, ó kan ọmọ tí omi gbígbóná dà sí lọ́rùn.

Ẹ fi ara yín wò ó

Ẹ jókòó, kí ẹ na ẹsẹ̀ kan gbọọrọ. Ẹ fi bíró kán àmì sí òkè orúnkún, kí ẹ kán òmíràn sí ìsàlẹ̀ rẹ̀, kí àárín méjèèjì jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 10 lórí téèpù aránṣọ. Ẹ wá kúnlẹ̀ dáadáa, bí ìgbà tí ọmọbìnrin bá ń kí ìyá rẹ̀ láàárọ̀, kí ẹ fi téèpù náà tẹ̀ lé awọ láti àmì kan dé èkejì. Sẹ̀ǹtímítà 10 yẹn á ti di 13 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kirk àti Ibrahim, àwọn oníwádìí tó fẹ́ mọ bí aṣọ ṣe gbọ́dọ̀ fà tó kó má baà máa fún èèyàn, tẹ iṣẹ́ wọn jáde ní 1966. Wọ́n rí i pé awọ orúnkún máa ń gùn sí i lóòró ní nǹkan bí ìdá 35 sí 45 nínú ọgọ́rùn-ún bí a bá tẹ̀ ẹ́. Ti ìgúnpá súnmọ́ ọn. Awọ ẹ̀yìn kì í tó bẹ́ẹ̀ rárá.

Kí ẹ tó fọ àmì bíró náà kúrò, ẹ tún ṣe ohun kan. Ẹ na ẹsẹ̀, kí ẹ fi àtàǹpàkò àti ìka ìfábẹ̀lá ká awọ orí orúnkún jọ. Ọwọ́ yín á kún. Ẹ tẹ orúnkún yẹn tán pátápátá, kí ẹ tún gbìyànjú rẹ̀: awọ á máa bọ́ mọ́ yín lọ́wọ́. Ẹni tó bá yẹ awọ yín wò nígbà àkọ́kọ́ á ní ó dẹ̀. Ẹni tó bá yẹ ẹ́ wò nígbà kejì á ní ó le kankan. Awọ kan náà ni, lára ènìyàn kan náà, láàrin ìṣẹ́jú kan.

Níbo ni awọ tó gùn sí i yẹn ti wá? Ọ̀nà mẹ́ta ló gbà wá. Ìṣẹ́po awọ tó ti wà lórí orúnkún tẹ́lẹ̀ ló kọ́kọ́ tú. Lẹ́yìn ìyẹn, awọ itan àti ti ojúgun yọ̀ díẹ̀ wá sí orúnkún, nítorí pé ọ̀rá tó wà lábẹ́ awọ kò dè é mọ́ egungun típẹ́típẹ́. Ìgbà tí méjèèjì yìí bá tán ni fọ́nrán inú awọ fúnra rẹ̀ á tó bẹ̀rẹ̀ sí í nà.

Fọ́nrán tó wà nínú awọ

Awọ àgbàlagbà kan, bí a bá tẹ́ ẹ sílẹ̀, fẹ̀ tó mítà onígun mẹ́rin kan ààbọ̀ sí méjì. Ìpele òkè rẹ̀ fẹ́lẹ́. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti dènà omi àti kòkòrò àrùn. Abẹ́ rẹ̀ ni ìpele tó nípọn wà, tó kún fún fọ́nrán oríṣi méjì: kọ́lájìn, tó lágbára, tí kì í fẹ́ gùn, àti ẹlásítìn, tó ń fà tó sì ń padà. Abẹ́ méjèèjì ni ọ̀rá wà.

Nígbà tí ara bá dẹ̀, kọ́lájìn kì í nà tán. Ó lọ́, ó ká kọ́rọkọ̀rọ. Ẹ wo ewúrẹ́ tí wọ́n so mọ́ èèkàn: níwọ̀n ìgbà tí okùn rẹ̀ bá ṣì dẹ̀, ó lè máa jẹ̀ kiri bó ṣe wù ú, kò ní mọ̀ pé okùn wà lọ́rùn òun; ìgbà tí okùn bá tán ló máa mọ̀, lójijì. Bẹ́ẹ̀ náà ni awọ. Tí a bá kọ́kọ́ fà á, ó ń tẹ̀ lé wa wẹ́rẹ́, nítorí pé kọ́lájìn rẹ̀ ṣì ń tú. Tí kọ́lájìn bá ti nà tán, ó di ọ̀rọ̀ agbára: a fà á púpọ̀, ó gùn díẹ̀. Láàrin ọdún 1960 sí 1969, dókítà oníṣẹ́ abẹ Thomas Gibson àti onímọ̀ ẹ̀rọ Robert Kenedi pawọ́ pọ̀ ní Glasgow, ní Scotland, láti wọn ìwà awọ yìí.

Ohun tí ìdúró tàbí ìjókòó wa ń ṣe nìyẹn: ó ń lo díẹ̀ nínú okùn tó dẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kan awọ. Bí a bá kúnlẹ̀, a ti ná èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ ní orúnkún. Bí a bá na ẹsẹ̀, gbogbo rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀.

Kọ́lájìn kò sì tò bákan náà káàkiri. Guillaume Dupuytren, dókítà ará Faransé, ti ṣàkíyèsí lára ọkùnrin kan tó fi irin róbótó gún ara rẹ̀ láyà pé ojú ọgbẹ́ rẹ̀ kò rí róbótó. Ó là gbọọrọ. Ní 1861, Karl Langer, tó ń kọ́ni nípa ẹ̀yà ara ní Vienna, ní Ọstríà, mú ọ̀rọ̀ náà lọ jìnnà. Ó fi irin róbótó lu awọ òkú ní ojú ibi púpọ̀, ó sì rí i pé ihò kọ̀ọ̀kan ń là gbọọrọ sí apá ibi tí awọ ibẹ̀ ń fà sí. Ó so àwọn ihò náà pọ̀, wọ́n di ìlà tó yí ara ká. Langer tún ṣàkíyèsí ohun tó kan wa jù lọ nínú ọ̀rọ̀ yìí: bó bá tẹ apá tàbí ẹsẹ̀ òkú náà, fífà awọ ń yí padà. Ní 1964, Arthur Iberall ní Amẹ́ríkà wá fi hàn pé ojú ìlà kan wà lára wa tí kì í fi bẹ́ẹ̀ gùn tàbí kúrú bí ara ṣe ń yí. Ohun tó ń wá ni bí wọ́n ṣe lè dá aṣọ fún àwọn tó ń lọ sí òfurufú, kí aṣọ náà fún wọn lára kó má sì dè wọ́n lápá àti lẹ́sẹ̀.

Omi ara àti òòfà ilẹ̀

Títẹ̀ àti nínà nìkan kọ́. Òòfà ilẹ̀ ń fa omi ara wa náà. Bí a bá dìde nílẹ̀, nǹkan bí ìdajì lítà ẹ̀jẹ̀ máa ń rọ́ sí ìsàlẹ̀ ara. Bí a bá ń rìn, iṣan ọ̀pá ẹsẹ̀ ń fún iṣan ẹ̀jẹ̀, ó ń ti ẹ̀jẹ̀ padà sókè. Bí a bá jókòó sójú kan tàbí tí a dúró láìrìn, iṣẹ́ yìí dúró, omi á bẹ̀rẹ̀ sí í jò láti inú iṣan ẹ̀jẹ̀ kéékèèké sínú ẹran abẹ́ awọ. Awọ á kún, á nà, á le. Ìdí nìyẹn tí ẹsẹ̀ àwọn tó ń jókòó tajà, awakọ̀ tó ń lọ ọ̀nà jíjìn, aránṣọ àti olùkọ́ tó ń dúró lójú pátákó fi máa ń wú nírọ̀lẹ́. Kí wọ́n máa dìde rìn díẹ̀díẹ̀, kí wọ́n máa ju ọrùn ẹsẹ̀ sókè sódò lórí ìjókòó, kí wọ́n sì gbé ẹsẹ̀ sókè bí wọ́n bá délé: ìwọ̀nyí máa ń ràn wọ́n lọ́wọ́. Àmọ́ ẹsẹ̀ tó bá wú tí wíwú rẹ̀ kò sì lọ sílẹ̀ lówùúrọ̀, ẹsẹ̀ kan ṣoṣo tó wú lójijì tó ń dunni, tàbí ẹsẹ̀ àti ojú aboyún tó wú tí orí sì ń fọ́ ọ, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìrọ̀rí. Ilé ìwòsàn ni kí wọ́n gbà lọ kíákíá.

Àkókò ọyẹ́ tún ń fi òmíràn hàn wá. Apá àríwá Ìpínlẹ̀ Oǹdó ni Àkókó wà, níbi tó ti bá Kogí àti Ẹdó pààlà, ọyẹ́ sì máa ń mú níbẹ̀, àgàgà lórí òkè bíi ti Ọ̀kà. Awọ gìgísẹ̀ nípọn, kò sì ní ihò òróró tí yóò máa fi òróró pa á lára. Bí ọyẹ́ bá gba omi inú rẹ̀, ó gbẹ, ó gan, kò lè fà mọ́. Àgbẹ̀ tó ru iṣu sọ̀kalẹ̀ láti orí òkè ń tẹ gìgísẹ̀ mọ́lẹ̀ pẹ̀lú ìwúwo ara àti ti ẹrù. Ọ̀rá inú gìgísẹ̀ á fẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́, awọ tó ti gan kò lè tẹ̀ lé e, ó sì là. Bẹ́ẹ̀ ni ojú ibi tó là yẹn ń yà nígbà tó bá dìde, tó ń pa dé nígbà tó bá dùbúlẹ̀. Kó rẹ ẹsẹ̀ sínú omi lọ́wọ́ọ́rọ́, kó fi òrí tàbí àdín pa á nígbà tí omi ṣì wà lára rẹ̀, kó sì wọ bàtà tó bo gìgísẹ̀, nítorí pé bàtà bẹ́ẹ̀ kì í jẹ́ kí ọ̀rá náà fẹ̀ jù. Ẹni tó bá ní àtọ̀gbẹ kò gbọ́dọ̀ fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú gìgísẹ̀ tó là.

Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wọn awọ

Àwọn tó ń ṣe ìwádìí awọ ní ẹ̀rọ kan tí wọ́n ń pè ní Cutometer, tí ilé iṣẹ́ Courage + Khazaka ní Köln, ní Jámánì, ń ṣe. Ó ní ẹnu róbótó kékeré. Èyí tí wọ́n ń lò jù fẹ̀ ní mìlímítà 2. Wọ́n á gbé ẹnu náà lé awọ, ẹ̀rọ á fa awọ wọlé fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, á sì jọ̀wọ́ rẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ inú rẹ̀ á wọn bí awọ ṣe wọlé jìnnà tó, àti bó ṣe yára jáde padà tó. Wọ́n ń fi í mọ bóyá oògùn kan ń ṣiṣẹ́, bóyá àpá iná ń rọ̀, bóyá àìsàn tó ń mú awọ le ń burú sí i.

Tí ẹni tí wọ́n ń wọ̀n bá tẹ apá lónìí, tó na apá ní ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, iye tí ẹ̀rọ máa sọ á yàtọ̀ bí ẹni pé oògùn ló ṣe é. Nítorí èyí ni àwọn onímọ̀ ní Yúróòpù ṣe fi sínú ìlànà ìwọ̀n wọn pé kí ara máa wà bákan náà ní gbogbo ìgbà. Ẹni tó bá na apá sórí tábìlì, tó kọ àtẹ́lẹwọ́ sókè lónìí, bẹ́ẹ̀ náà ni kó ṣe lọ́jọ́ mìíràn. Kó sì sinmi díẹ̀ ná kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀.

Ikùn ọmọ tó ń yàgbẹ́

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti kan ẹ̀mí jù lọ nílẹ̀ wa ni àyẹ̀wò kan tí kò gba ẹ̀rọ kankan. Bí ọmọ bá ń yàgbẹ́ gbuuru, nọ́ọ̀sì á fi ìka méjì ká awọ ikùn rẹ̀ sókè, á jọ̀wọ́ rẹ̀, á sì wo bó ṣe ń padà. Bí omi bá ti gbẹ lára ọmọ, awọ ò ní tètè padà. Àjọ ìlera àgbáyé, WHO, àti UNICEF fi àyẹ̀wò yìí sínú ìlànà ìtọ́jú ọmọdé tí wọ́n gbé kalẹ̀ láàrin ọdún 1990 sí 1999, èyí tí wọ́n fi ń kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ìlera alábọ́ọ́dé.

Ìlànà náà sọ bí ara ọmọ gbọ́dọ̀ ṣe wà. Wọ́n á tẹ́ ọmọ sórí tábìlì tàbí sórí itan ìyá rẹ̀ gbalaja, kó dojú sókè, kí apá rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kó má wà lórí orí, kí ẹsẹ̀ rẹ̀ sì nà. Nọ́ọ̀sì á wá àárín ìdodo àti ẹ̀gbẹ́ ikùn. Kò ní fi èékánná tàbí ṣóńṣó ìka mú un, kó má baà dun ọmọ. Á ká awọ náà pẹ̀lú ẹran abẹ́ rẹ̀, kí ìṣẹ́po náà wà lóòró ara ọmọ, kó má wà ní ìbú. Á dì í mú fún ìṣẹ́jú àáyá kan, á sì fi sílẹ̀. Bí awọ bá padà lójú ẹsẹ̀, ó dára. Bó bá dúró sókè díẹ̀ kó tó padà, omi ti ń tán lára ọmọ. Bó bá kọjá ìṣẹ́jú àáyá méjì, ọ̀rọ̀ ti le gidi.

Kò sí ọ̀kan tó jẹ́ àṣerégèé nínú ìlànà yìí. Ìyá tó gbé ọmọ wá sílé ìwòsàn ní Ìwárò-Ọ̀kà sábà máa ń pọ̀n ọ́n wá ni. Ọmọ tó wà nínú ọ̀já ká ẹsẹ̀ mọ́ra, awọ ikùn rẹ̀ ti ṣẹ́ po. Bí ẹnì kan bá ká awọ ikùn rẹ̀ nígbà tó ṣì ká jọ lórí itan, awọ tó dẹ̀ tẹ́lẹ̀ lè lọ́ra láti padà, wọ́n á sì rò pé omi ti tán lára ọmọ tí kò rí bẹ́ẹ̀. Bí wọ́n bá gbé apá ọmọ sókè orí kó má baà jà, awọ ikùn á nà, á sì padà kíá. Ọmọ tí omi ti ń tán lára rẹ̀ á wá dà bí ẹni tí nǹkan kan kò ṣe. Àṣìṣe kejì yìí ló ń pani.

Awọ nìkan kò sì tó láti fi dájọ́. Lára ọmọ tó rù kan egungun, awọ lè lọ́ra bó tilẹ̀ jẹ́ pé omi kò gbẹ lára rẹ̀. Lára ọmọ tó sanra gan-an tàbí tí ara rẹ̀ wú, awọ lè padà kíá nígbà tí omi ti tán. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń wo ojú ọmọ bóyá ó ti jìn sínú, bóyá òùngbẹ ń gbẹ ẹ́ tó fi ń já omi gbà, bóyá kò tilẹ̀ lè mu omi mọ́, bóyá ó ti rọ jọwọrọ. Àgbàlagbà náà ní tirẹ̀. Awọ ẹ̀yìn ọwọ́ bàbá ẹni ọgọ́rin ọdún máa ń dúró sókè lónìí àti lọ́la, omi tó tàbí kò tó, nítorí pé ẹlásítìn rẹ̀ ti gbó. Iwájú orí tàbí àárín àyà ni kí a ti yẹ tirẹ̀ wò.

Ẹni tó dùbúlẹ̀ pẹ́

Ọ̀nà tó gba Akùngbá kọjá, láàrin Ìkàrẹ́ àti Ọ̀kà, ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tí ọkọ̀ akẹ́rù ti ṣe ọṣẹ́ níbẹ̀. Ní oṣù kìíní ọdún 2021, ọkọ̀ akẹ́rù kan já wọ àárín àwọn èèyàn lẹ́nu géètì Yunifásítì Adékúnlé Ajásin, ó sì pa àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Ẹni tó bá yè nínú irú ìjàm̀bá bẹ́ẹ̀ lè dùbúlẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀, yálà ní ilé ìwòsàn ìjọba ní Ìkàrẹ́ tàbí Ọ̀wọ̀, tàbí lọ́dọ̀ àwọn tó ń to eegun. Ẹni tí arọmọléegun dè mọ́lẹ̀ àti ẹni tí rọpárọsẹ̀ kọ lù náà ń bẹ nílé. Gbogbo wọn ló wà nínú ewu egbò ẹ̀yìn tí àwọn nọ́ọ̀sì ń pè ní bẹ́ẹ̀dì sọ́ọ̀.

Ọ̀pọ̀ mọ̀ pé ìwúwo ara ló ń fa egbò yìí: egungun ìdí, ìgbáròkó àti gìgísẹ̀ ń tẹ awọ mọ́ bẹ́ẹ̀dì, ẹ̀jẹ̀ kò lè dé ibẹ̀. Ohun tí kò yé ọ̀pọ̀ ni pé bí a ṣe gbé aláìsàn jókòó lè ba nǹkan jẹ́ ju ìdùbúlẹ̀ lọ. A fi ìrọ̀rí mẹ́ta tì í lẹ́yìn kó lè máa rí àlejò. Awọ ìdí rẹ̀ lẹ̀ mọ́ aṣọ bẹ́ẹ̀dì, kò kúrò lójú kan, ṣùgbọ́n egungun rẹ̀ ń yọ̀ lọ sísàlẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Awọ dúró sójú kan, egungun ń lọ sódò, ẹran àti iṣan ẹ̀jẹ̀ kéékèèké tó wà láàrin wọn ń fà títí wọ́n á fi fún pa. Abẹ́ ni ìbàjẹ́ á ti bẹ̀rẹ̀, kí ojú tó rí ohunkóhun lókè.

Ọ̀rọ̀ bí ara ṣe wà ló pọ̀ jù nínú ìtọ́jú tó ń gbà wọ́n. Kí orí bẹ́ẹ̀dì má ga ju ìwọ̀n 30 dígíríì lọ, àyàfi nígbà oúnjẹ tàbí bí dókítà bá sọ bẹ́ẹ̀ nítorí èémí. Kí wọ́n máa yí aláìsàn padà ní nǹkan bíi wákàtí méjì-méjì, kí wọ́n fi ìrọ̀rí tì í kó fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀ díẹ̀, kó má fi egungun ìgbáròkó gan-an sùn. Kí wọ́n ti ìrọ̀rí sábẹ́ ọ̀pá ẹsẹ̀ kí gìgísẹ̀ má kan bẹ́ẹ̀dì. Bí wọ́n bá fẹ́ gbé e sókè, kí ẹni méjì fi aṣọ ìtẹ́lẹ̀ gbé e; kí wọ́n má wọ́ ọ.

Ọ̀rọ̀ kan tún wà tó jẹ́ ti àwa aláwọ̀ dúdú. Ọ̀pọ̀ ìwé ní kí a máa wá ojú ibi tó pọ́n. Lára awọ dúdú, pípọ́n yẹn lè má hàn rárá, egbò á sì ti jìn kí ẹnikẹ́ni tó mọ̀. Ọwọ́ ni kí a fi wò ó. Ẹ fi ẹ̀yìn ìka bà á: ṣé ó gbóná tàbí tutù ju ti ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lọ? Ẹ tẹ̀ ẹ́ jẹ́jẹ́: ṣé ó le ju bó ṣe yẹ lọ, àbí ó rọ̀ púpọ̀? Ṣé ó dúdú ju ti tẹ́lẹ̀ lọ? Bó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, ẹ má fọwọ́ ra ibẹ̀. Ẹ gbé ìwúwo kúrò lórí rẹ̀. Igi gogoro má gún mi lójú, òkèèrè la ti ń wò ó.

Awọ tó jóná

Níbi tí wọ́n ti ń dín gàrí, tí wọ́n ń se epo, tí ọmọdé sì ń sáré kiri, iná àti omi gbígbóná kì í jìnnà. Ohun àkọ́kọ́ ni omi tútù tó ń ṣàn fún 20 ìṣẹ́jú. Kì í ṣe ẹyin tútù, kì í ṣe yìnyín. Lẹ́yìn náà, ilé ìwòsàn.

Nígbà tí egbò iná bá ń jinná, ó ń fa ara rẹ̀ jọ. Ní 1971, Giulio Gabbiani àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣàpèjúwe sẹ́ẹ̀lì kan nínú egbò tó ń jinná, tó ń fún ara rẹ̀ bíi ti iṣan. Sẹ́ẹ̀lì yìí ló ń fa etí egbò wá pàdé, iṣẹ́ rere sì ni. Ṣùgbọ́n kò mọ ibi tó yẹ kó dúró. Bí ọmọ tó jóná ní iwájú ọrùn bá fi orí lé ìrọ̀rí, àgbọ̀n rẹ̀ á súnmọ́ àyà, awọ á dẹ̀, ìrora á dín kù, ìyá rẹ̀ á sì rò pé ọmọ ti rí ìtura. Bẹ́ẹ̀ ni awọ tuntun á ṣe gbà pé bí ọrùn ṣe yẹ kó wà nìyẹn. Láàrin ọ̀sẹ̀ díẹ̀, àgbọ̀n ti lẹ̀ mọ́ àyà. Ibi tí ara ti rọrùn jù ni àbùkù ti ń wọlé.

Nítorí náà ni wọ́n ṣe ń yọ ìrọ̀rí kúrò lábẹ́ orí ẹni tó jóná lọ́rùn, tí wọ́n sì ń ká aṣọ kékeré sábẹ́ èjìká rẹ̀ kí ọrùn lè nà. Apá ẹni tó jóná ní abíyá gbọ́dọ̀ yà kúrò lára, kó tọ́ sí ẹ̀gbẹ́. Ìgúnpá àti orúnkún gbọ́dọ̀ nà. Ọwọ́ ní tirẹ̀, tó gba kí oríkèé kan tẹ̀, kí òmíràn nà, òṣìṣẹ́ tó mọ̀ ọ́n ni kó fi pákó dè é. Ó máa ń dun aláìsàn, ó sì gba kí wọ́n fún un ní oògùn ìrora kí wọ́n tó nà án. Kí ìdílé fara dà á pẹ̀lú rẹ̀.

Ohun kan náà ni wọ́n ń dojú kọ ní Pobè, nílùú àwọn Yorùbá ní orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀, níbi tí ilé ìwòsàn kan wà fún egbò Buruli. Kòkòrò àrùn kan ló ń jẹ awọ láìdunni. Ó lè kan oríkèé ọmọdé. Oògùn ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ ń pa kòkòrò náà, àmọ́ bí wọn kò bá na apá tàbí ẹsẹ̀ ọmọ nígbà tí egbò ń jinná, ọmọ á yè, oríkèé rẹ̀ á sì ká pa.

Ọ̀bẹ àti àpá

Dókítà oníṣẹ́ abẹ tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ máa ń fi bíró sàmì sí ara aláìsàn nígbà tó bá ṣì jókòó tàbí dúró, pàápàá ní ojú àti ọmú, kí ó tó ní kó dùbúlẹ̀. Ó mọ̀ pé bó bá ti fẹ̀yìn lélẹ̀, awọ á yọ̀ kúrò ní ibi tó máa ń wà. Ojú ibi tí awọ kì í ti í fà púpọ̀ ló sì ń wá láti gé. Ní 1900, Hermann Johannes Pfannenstiel ní Jámánì ṣàpèjúwe gígé ikùn ní ìbú, ní ìsàlẹ̀, níbi tí ikùn ti máa ń ṣẹ́ po. Òun ni ọ̀pọ̀ dókítà ń lò báyìí bí wọ́n bá fẹ́ fi iṣẹ́ abẹ gbẹ̀bí. Bí ìyá bá dìde, tó jókòó, tó tẹ̀, ojú àpá náà kì í fà tó ti èyí tí wọ́n gé lóòró.

Ọ̀rọ̀ fífà awọ yìí kan àwa tí àpá wa máa ń wú ju ojú egbò lọ, nítorí pé àpá bẹ́ẹ̀ wọ́pọ̀ lára aláwọ̀ dúdú. Rei Ogawa, dókítà ní Japan, ti fi hàn pé ibi tí awọ ti ń fà nígbà gbogbo, bí àárín àyà àti èjìká, ni irú àpá yìí ti wọ́pọ̀, ó sì ń gbilẹ̀ sí apá ibi tí awọ ń fà sí. Ọ̀rọ̀ ìdílé wà níbẹ̀, ó sì ń yọ ní etí tí a lu, níbi tí awọ kì í ti í fà púpọ̀. Fífà nìkan kọ́ ló ń fà á. Kí ẹni tí irú àpá bẹ́ẹ̀ bá wà nínú ìdílé rẹ̀ sọ fún dókítà kí wọ́n tó gbé ọ̀bẹ.

Ohun tí gbogbo èyí ń bi wá kò ju ìbéèrè kan lọ, ẹnikẹ́ni sì lè béèrè rẹ̀, ìbáà ṣe nọ́ọ̀sì tàbí ìyá àgbà tí kò kàwé: báwo ni ara ṣe wà? Bí nọ́ọ̀sì bá fẹ́ ká awọ ikùn ọmọ yín, ẹ tẹ́ ọmọ gbalaja. Bí ẹ bá ń tọ́jú bàbá tó dùbúlẹ̀, ẹ wo bí orí bẹ́ẹ̀dì ṣe ga tó. Bí wọ́n bá dá ẹni tó jóná padà sílé, ẹ má kúrò nílé ìwòsàn láìbéèrè bí ẹ ó ṣe máa tẹ́ ẹ sùn, kí wọ́n sì fi hàn yín lójú ara yín. Kò ná wa ní kọ́bọ̀, kò gba iná mànàmáná, kò gba ẹ̀rọ láti Jámánì. Ìrọ̀rí kan tí a yọ kúrò lákòókò lè jẹ́ kí ọmọ gbé orí sókè ní gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀.